Èsì wa sí oníbàárà tó sọ pé áísìn kéèkì wa dùn jù

Òkun o, ẹ̀yin oníbàárà wa. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa kéèkì ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún Ìyé yín: pé ara rẹ̀ rọ̀, pé òórùn rẹ̀ ń ta sánsán, ṣùgbọ́n pé áísìn rẹ̀ dùn débi pé àwọn àgbà ń họ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwo, tí ẹ sì tìtorí bẹ́ẹ̀ fún wa ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Òótọ́ lẹ sọ, mi ò sì ní bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá kò ṣeé ṣe kí a kàn dín ṣúgà kù, ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn dáadáa.

Bọ́tàkírímù tí mo fi bo kéèkì yẹn, bọ́tà gíráàmù 500 ni mo fi ṣúgà lẹ́búlẹ́bú kìlógíráàmù kan pò, ìyẹn ni pé ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ ṣúgà. Kì í ṣe nítorí adùn nìkan ni ṣúgà náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òun ló ń mú bọ́tà dúró gírígírí. Bí mo bá yọ ìdajì rẹ̀ láìfi nǹkan mìíràn dípò, ohun tó kù yóò rọ̀ bí òrí tí wọ́n gbé sí oòrùn, kéèkì alájà mẹ́ta tó sì gbéra ní Kàbà lọ́sàn-án oṣù Kẹta, tó gba Mọ̀pà kọjá, kò ní dé Ìsánlú pẹ̀lú òdòdó lára. Ooru tó tó nǹkan bí ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì ti tó láti yọ́ bọ́tà, ooru ọ̀sán níhìn-ín sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀nà ló bà mí lẹ́rù, ni mo bá fi ṣúgà ṣe ọ̀pá tí kéèkì náà fara tì.

Ibi tí ẹ̀bi mi wà gan-an ni fọ́ńdáǹtì, ìyẹn ṣúgà pípò tí a nà pẹrẹsẹ bí aṣọ, tí mo tún fi bò ó lókè. Ṣúgà ló pọ̀ jù lọ nínú fọ́ńdáǹtì, nítorí náà ńṣe ni ṣúgà gun orí ṣúgà. Ó yẹ kí n ti bi yín léèrè irú àwọn tí yóò jẹ kéèkì náà kí n tó po ohunkóhun.

Àwọn ọ̀nà kan wà tí a máa ń gbà ṣẹ́ adùn bọ́tàkírímù tí a ti pò tán: iyọ̀ bíńtín, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìpo tíì kan, tàbí kòkó lílọ̀ tí kò ní ṣúgà, tí kíkorò rẹ̀ máa ń bá adùn jà. Mo máa ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n ahọ́n nìkan ni iyọ̀ àti ọsàn ń tàn. Ṣúgà tó wà nínú abọ́ kò lọ síbì kankan. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà nínú ẹbí yín, ẹ má ṣe fi ahọ́n díwọ̀n fún un.

Èyí tí mo fọwọ́ sí jù ni bọ́tàkírímù tí a fi fúláwà sè. Mílíìkì mìlílítà 250 àti fúláwà ṣíbí ìjẹun márùn-ún ni màá pò pọ̀ pẹ̀lú ṣúgà gíráàmù 200, màá sè é lórí iná kékeré, màá máa rò ó láìdáwọ́ dúró kó má baà ṣe kókó, títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu tó ki dáadáa. Lẹ́yìn náà, màá fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bo ojú rẹ̀ kó má baà yi, màá sì dúró kó tutù pátápátá. Ìkánjú níhìn-ín kò dáa rárá, nítorí bó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, yóò yọ́ bọ́tà. Bó bá ti tutù, màá máa fi í sínú bọ́tà gíráàmù 225 tí mo ti lù títí ó fi funfun, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ bíńtín. Ṣúgà inú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta, fúláwà tó jinná ló sì ń di í mú. Ẹnu àwọn àgbà gbà á. Ó fẹ́lẹ́, kì í lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò fẹ́ràn oòrùn. Bí ẹ bá yàn án, àárọ̀ kùtùkùtù la máa gbé e gbéra, yóò jẹ́ alájà kan tàbí méjì, kò sì ní sí fọ́ńdáǹtì lórí rẹ̀. Bí ẹ bá wá sí Kàbà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ yà sọ́dọ̀ wa. Màá ti ṣe kékeré kan sílẹ̀ fún Ìyé, a kò sì ní gba owó rẹ̀.