Ó ní kí wọ́n sinmi ogun: lọ́nà wo?
Olùdíje tó ń polongo ìbò ní Ìlọrin níbí ní kí Rọ́ṣíà àti Ukraine sinmi ogun. Àmín, Ọlọ́hun á gbà á. Ṣùgbọ́n kó ṣàlàyé síwájú, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í dá ìbọn dúró.

Ẹ wo àdéhùn Minsk, èyí tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 2015, láti dá ìjà dúró ní ìlà-oòrùn Ukraine. Wọ́n kọ ìgbà tí ìbọn máa dákẹ́ sínú rẹ̀: òru tí ọjọ́ 15 bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbá ogun tí ẹnu wọn tó mìlímítà 100, àlàfo kìlómítà 50 gbọ́dọ̀ wà láàárín ti ìhà méjèèjì. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́. Síbẹ̀, wọn ò kọ ẹni tó ni ìlú Debaltseve. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ò ti dáwọ́ dúró, tí ọmọ ogun Ukraine fi kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ 18. Àwọn alámòójútó OSCE, àjọ tó ń rí sí ààbò ní Yúróòpù, ò mú ohun ìjà dání rárá: kí wọ́n rí i, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ni agbára wọn mọ.

Èyí tó tiẹ̀ ṣiṣẹ́ díẹ̀ ni àdéhùn ti ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ọkà jáde láti Ukraine, oṣù Keje ọdún 2022. Rọ́ṣíà, Ukraine, Tọ́kì àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jọ ń yẹ ọkọ̀ wò ní Istanbul, ní àlọ àti àbọ̀. Kò pé ọdún kan tí Rọ́ṣíà fi yọwọ́. Ọ̀rọ̀ àlìkámà sì kan ẹni tó ń ra búrẹ́dì ní Ọjà Ọba.

Ta ni yóò ṣọ́ ààlà? Kí ni wọ́n máa ṣe fún ẹni tó bá kọ́kọ́ yìnbọn? Kí olùdíje wa dáhùn ìyẹn.