Àtúnṣe: 18mm ni 18mm, ìbáà jẹ́ EF-S tàbí EF

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwa ayàwòrán Ògbómọ̀ṣọ́ lórí WhatsApp: wọ́n ní Canon ti bá wa ṣírò iye mm (bó ṣe kéré sí ni lẹ́ńsì ń ríran fẹ̀ sí) tó wà lára lẹ́ńsì EF-S, pé 18mm rẹ̀ fẹ̀ ju 18mm ti EF, irú lẹ́ńsì Canon kejì, lọ lórí kámẹ́rà kan náà. Irọ́ ni o, ẹ má fi ránṣẹ́ mọ́.

Iye mm, ti lẹ́ńsì fúnra rẹ̀ ni, kì í yí padà. Sẹ́ńsọ̀ kékeré, ìyẹn ojú inú kámẹ́rà tó ń gba àwòrán, ló ń gé etí àwòrán. Ẹ fi 1.6 lọ́po rẹ̀ fún Canon, 1.5 fún Nikon. Lórí Canon oní-sẹ́ńsọ̀ kékeré, 18mm á wá ríran bí 29mm ṣe ń ríran lórí sẹ́ńsọ̀ ńlá, EF-S ni o, EF ni o. Ohun tí EF-S ń sọ ò ju pé sẹ́ńsọ̀ kékeré ni wọ́n ṣe é fún.

Ó ká mi lára torí ó ń ba iṣẹ́ wa jẹ́. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Níbi ìdána kan ní Tákíè, ó fẹ̀yìn ti ògiri pẹ̀lú 18-55mm, kọ́tìnì bò ó lọ́rùn, síbẹ̀ ìdajì gèlè ìyá ìyàwó ò wọlé. Mo gbé 10-18mm mi fún un. Ní 10mm, tó dà bíi 16mm, gbogbo àga wọlé, títí kan kúlà ẹnu ọ̀nà. Mo ṣáà ní kó má fi ìyá sí etí àwòrán, torí ibẹ̀ ni ojú ti máa ń fẹ̀.