Irọ́ ni pé Gíríìkì àti Tọ́kì kò lè jọ gbé ní Sáípúrọ́ọ̀sì

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Níbi àpèjọ àwa tí a kàwé ní Lefke, ìlú kan ní erékùṣù Sáípúrọ́ọ̀sì, ẹnìkan tún là á mọ́lẹ̀ pé láti ayébáyé ni Gíríìkì àti Tọ́kì ti ń pa ara wọn ní Sáípúrọ́ọ̀sì, pé òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló ń là wọ́n láti 1878 títí wọ́n fi gbòmìnira ní 1960. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo ìgbìmọ̀ aṣòfin tí Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀. Láti 1925, Gíríìkì 12 ló wà níbẹ̀, Tọ́kì 3, òṣìṣẹ́ ìjọba 9. Ẹ ṣírò ó. Bí Tọ́kì bá ti dìbò pẹ̀lú ìjọba, ó di 12 sí 12, ìbò gómìnà ló sì máa já a. Ta ló jèrè bí àwọn méjèèjì kò bá rẹ́? Ní 1931, Necati Bey, Tọ́kì ni, dìbò pẹ̀lú àwọn Gíríìkì lórí ọ̀rọ̀ owó orí, àbá ìjọba sì ṣubú. Wọ́n fi àṣẹ láti Lọ́ńdọ̀nù gbé owó náà lé aráàlú lórí. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, àwọn Gíríìkì jó ilé gómìnà ní Nicosia, olú-ìlú wọn, Gẹ̀ẹ́sì sì fagi lé ìgbìmọ̀ náà pátápátá.

Ẹni tó bá gbé Lefke mọ afárá irin tó ti dípẹtà tó wọ inú òkun ní Gemikonağı. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń kó bàbà sọ́kọ̀. Ní 1948, awakùsà Gíríìkì àti Tọ́kì jọ da iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn, láti oṣù Kìíní wọ oṣù Karùn-ún. Bàbá Tọ́kì tó ń ta ọsàn ládùúgbò wa, èdè Gíríìkì ló fi ń ka owó. Ó ní níbi tí òun àti ọmọ aládùúgbò àwọn ti jọ ń da ewúrẹ́ nítòsí Paphos ni òun ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀sìn wọn yàtọ̀, èdè wọn yàtọ̀: a ti gbọ́. Lóòótọ́, wọ́n jà ní Limassol ní 1912, ẹ̀mí sì lọ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí EOKA, ẹgbẹ́ Gíríìkì tó fẹ́ lé Gẹ̀ẹ́sì lọ kí erékùṣù náà lè dara pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Gíríìsì, gbé ìbọn ní oṣù Kẹrin 1955, Tọ́kì ni Gẹ̀ẹ́sì ń gbà sí iṣẹ́ ọlọ́pàá láti kojú wọn. Bí EOKA bá pa ọlọ́pàá, nígbà mìíràn, ilé Tọ́kì ni òkú máa ń wọ̀. Kò tó ọdún mẹ́rin tí àwọn tó jọ da ewúrẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun ilé ara wọn.