Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Gun Kẹ̀kẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù

Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín ènìyàn méjì, tí ọ̀kan nínú wọn wá fẹjọ́ sun àgbà, àgbà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dájọ́ lórí ohun tí ẹnì kan gbé wá. Á ní kí wọ́n lọ pe ẹnì kejì, torí ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n máa wo ara wọn. Ohun tí ẹnu bò mọ́lẹ̀, ojú á tú u síta. Òwe yìí náà ni ìyá ń lò láìpa á tó bá wo ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú àlejò, tí ọmọ sì gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹran.

Ibi tí mo fẹ́ gbé òwe náà lọ lónìí ni oríta ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọ wa tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere níbẹ̀ ti pọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ọkọ̀ ń ni lára, àwọn tó ń gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà, àwọn tó ń jí lọ tún ọ́fíìsì ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣọ́ra fún jù kì í ṣe èyí tó ń sáré. Èyí tó dúró jẹ́ẹ́ níwájú iná pupa, tó fẹ́ yà sósì ni. Láàárín 2015 sí 2017, ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá kò kó ju 4% lọ nínú gbogbo máìlì tí ọkọ̀ rìn ní Lọ́ńdọ̀nù, síbẹ̀ wọ́n wà nínú 63% ìjàǹbá tó pa ẹlẹ́kẹ̀kẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Iná pupa dá típà kan dúró. Àyè díẹ̀ wà láàárín rẹ̀ àti etí títì lápá òsì, torí ọkọ̀ gígùn kì í fara mọ́ etí títì tó bá fẹ́ yà. Á kọ́kọ́ gbé iwájú sọ́tùn-ún díẹ̀ kó tó ṣẹ́rí sósì. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ rí àyè yìí, ó rò pé òun ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún, ó yọ́ wọlé. Iná di àwọ̀ ewé. Ọkọ̀ gbéra, kẹ̀kẹ́ gbéra, ọ̀kan ń yà, èkejì ń lọ tààrà. Táyà iwájú kọjá lára ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ láìkàn án, ó rò pé òun ti bọ́. Ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn kì í tọ ipasẹ̀ táyà iwájú. Inú ló máa ń gé gbà, ó ń sún mọ́ etí títì bí ọkọ̀ ṣe ń yà, àyè tó fẹ̀ dáadáa ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sẹ́yìn á máa pa dé bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Bí irin ìdènà bá wà létí títì, kò sí ibi tí ènìyàn fẹ́ gbà. Eré tí ọkọ̀ náà ń sá lásìkò yẹn lè má ju ti ẹni tó ń rìn kánkán lọ.

Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á ní, ọkọ̀ tó tóbi tó báyìí, tí dígí yí i ká, báwo ni kò ṣe ní rí mi? Ẹ gun òkè lọ jókòó síbi tí awakọ̀ ń jókòó kẹ́ ẹ wò ó. Nínú ọ̀pọ̀ típà àtijọ́, ìsàlẹ̀ fèrèsé òsì ga ju orí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lọ. Dígí nìkan ló kù tí awakọ̀ lè fi rí i, dígí ọ̀hún sì ju ẹyọ kan lọ: ti ẹ̀yìn, ti ẹ̀gbẹ́, ti etí títì, ti iwájú. Bó ṣe ń wo ọ̀kan ni nǹkan ń yí padà nínú èkejì. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tó wo òsì lè ti débẹ̀ kó tó wo ọ̀tún tán. Àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Exchanging Places, níbi tí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ti ń jókòó sí àyè awakọ̀, kó fi ojú ara rẹ̀ wá kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni òwe wa ti wọlé. Bó bá jẹ́ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, a jẹ́ pé níbi tí ojú kò bá ti pàdé, kò tíì sí ọ̀rọ̀, kò sì sí àdéhùn. Pé ìwọ rí ọkọ̀ kò túmọ̀ sí pé awakọ̀ rí ọ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó la títì ti dá kún un. Ní ọ̀pọ̀ oríta, wọ́n fi ọ̀dà la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tóóró sí apá òsì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá lọ sí àpótí tí wọ́n yà síwájú iná fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Ọ̀dà yẹn ń pe ènìyàn síbi tí kò yẹ kó wà, olùgbọràn ló sì ń pè jù. Ní 2009, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ 13 ló kú ní Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin ni 10 nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin ló pọ̀ jù lórí kẹ̀kẹ́ ní ìlú náà. Ọkọ̀ akẹ́rù ló pa 8 nínú àwọn obìnrin ọ̀hún. Àwọn kan tó yẹ irú ọ̀rọ̀ yìí wò sọ pé ó lè jẹ́ torí pé obìnrin kì í sábà já iná pupa. Á dúró jẹ́ẹ́ létí títì, níbi tí awakọ̀ kò ti lè rí i. Mi ò ní torí ìyẹn sọ pé kí ẹnikẹ́ni já iná. Mo ń sọ pé kéèyàn mọ ibi tó máa dúró sí.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé tún ní ewu tirẹ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 la ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún nílé, nítorí náà apá ọ̀tún tírélà ni ara wa mọ̀ ọ́n sá fún. Ní Lọ́ńdọ̀nù, apá òsì ni wọ́n ń wakọ̀ sí, apá òsì ọkọ̀ náà ló sì yẹ ká sá fún.

Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní 2011, ọkọ̀ akẹ́rù pa ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ méjì ní oríta Bow, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, láàárín oṣù kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ mẹ́fà ló kú káàkiri ìlú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ariwo ta, àwọn ènìyàn dùbúlẹ̀ sójú títì pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ wọn láti fẹ̀hónú hàn. Díẹ̀díẹ̀, òfin yí padà. Láti 2021, ọkọ̀ akẹ́rù tó bá ju tọ́ọ̀nù 12 lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó wọ Lọ́ńdọ̀nù, ìràwọ̀ ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n ohun tí awakọ̀ lè fi ojú lásán rí láti inú fèrèsé, láìka dígí kún un: òdo sí márùn-ún. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, èyí tí kò bá ní tó ìràwọ̀ mẹ́ta gbọ́dọ̀ ní kámẹ́rà àtàwọn ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà ni ìjọba ibẹ̀ sọ di òfin yẹn, inú mi sì dùn sí i. Mo kàn fẹ́ kó ti yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ mi, tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti dé iná ṣáájú rẹ, dúró sẹ́yìn rẹ̀. Má gba òsì, kódà kí ọ̀dà ní kí o gbà á, kódà kí tráfíkétọ̀ má tàn, torí awakọ̀ mìíràn kì í tàn án àfi tó bá ti ń yà. Dúró sí àárín ìlà ọ̀nà tí o wà, kí ọkọ̀ mìíràn má bàa fún ọ mọ́ etí títì. Bó bá jẹ́ ìwọ lo kọ́kọ́ dé, tí ọkọ̀ wá dúró sẹ́yìn rẹ, má ṣe lẹ̀ mọ́ imú rẹ̀. Níwájú gan-an níbẹ̀, ó lè má rí ọ. Sún síwájú, yíjú padà, wá ojú awakọ̀. Bó bá mi orí tàbí tó gbọ́wọ́ sí ọ, ẹ ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí o kò bá rí ojú rẹ̀, sọ̀ kalẹ̀, gbé kẹ̀kẹ́ rẹ lọ sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí o fi ọwọ́ tì í kọjá oríta. Oúnjẹ oníbàárà á tutù díẹ̀. Kó tutù.

Mo mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn rẹ. Láti ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2022, ìwé òfin ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ kedere pé kò yẹ kí awakọ̀ tó ń yà dábùú ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó ń lọ tààrà. Ẹ̀tọ́ rẹ ni, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bú ọ pé kẹ̀kẹ́ lo ń gùn. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo fẹ́ kó délé, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní ìlú náà ńkọ́? Ẹ pọ̀, mo sì mọ̀ pé kò sí èyí tó jí láàárọ̀ láti lọ pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ tún dígí òsì wò lẹ́yìn tí iná bá ti di àwọ̀ ewé, kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ yà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ sì tan tráfíkétọ̀ kẹ́ ẹ tó dé ibi iná, nígbà tí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ṣì wà lẹ́yìn yín. Èyí tí ẹ bá tàn nígbà tí ọkọ̀ ti ń yí kò wúlò fún ẹni tó ti wọ ẹ̀gbẹ́ yín.