Ẹ Má Da Omi Tútù Sí Bíréèkì Tó Gbóná

Ẹ̀yin awakọ̀ wa ní Iléṣà, ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp láàárín àwọn tó ń ná ọ̀nà Àkúrẹ́. Ó ní bí bíréèkì bá gbóná lẹ́yìn tí a sọ̀ kalẹ̀ òkè, kí a da omi tútù sí i, yóò tún mú dáadáa. Kì í ṣe òótọ́.

Irin ni díìsì bíréèkì, ìyẹn àwo tó ń yí pẹ̀lú táyà. Bí omi tútù bá bà á lójijì nígbà tó gbóná janjan, ó lè sán tàbí kó tẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọ́ìlì bíréèkì, tí omi ìta kò lè tún ṣe. DOT 3 tuntun (irú ọ́ìlì bíréèkì kan) kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C. Ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, nígbà tó bá sì ti pẹ́, ó lè hó ní nǹkan bí 140°C. Bó bá hó, bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ yín á kàn rì wọlẹ̀ ni, ọkọ̀ kò ní dúró. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà sí díìsì láti ka ooru náà lè tan yín: bí díìsì bá ń dán, ó máa ń kà á kéré sí bó ṣe gbóná tó.

Ẹ fi jíà kékeré sọ̀ kalẹ̀ òkè. Bí bíréèkì bá ti gbóná, ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú, kí afẹ́fẹ́ tù ú.

Ẹ̀yin tó pín ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ire lẹ ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí náà ránṣẹ́ síbẹ̀.