Odò Carol Shaw àti èmi

Inú ń bí mi láti ìrọ̀lẹ́ àná. Bùrọ̀dá mi yà sílé, wọ́n bá mi nídìí Commodore 64, kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mo ti ń fọwọ́ ara mi tún géèmù River Raid kọ, wọ́n wo ọkọ̀ òfurufú kékeré tó ń sáré lórí omi, wọ́n ní: "Àbúrò, ṣebí River Raid nìyí? Wọ́n ti ṣe é fún ẹ̀rọ yìí láyé àtijọ́. Ó tún wà lórí fóònù. Kí lo wá ń wá?"

Kì í ṣe àwọn nìkan. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti bi mí rí, ẹ gbọ́ o.

Carol Shaw ló kọ River Raid fún Atari 2600, ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ilé iṣẹ́ Activision gbé e jáde ní 1982. Báìtì 128 péré ni RAM (àyè ìrántí) ẹ̀rọ yẹn. Gbogbo géèmù náà kò ju kílóbáìtì 4 lọ. Ibo ni yóò kó odò tó gùn tó yẹn sí? Kò kó o síbì kankan. Nọ́ńbà kan ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ń yí i padà lọ́nà kan náà lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, etí odò àti erékùṣù sì ń tinú rẹ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí odò tí èmi bá pàdé fi jẹ́ odò kan náà tí gbogbo ayé bá pàdé. Ọpọlọ obìnrin yìí ni mò ń wá!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá odò tèmi jà. Commodore 64 máa ń rọra sún àwòrán fúnra rẹ̀, àmọ́ tó bá ti sún un dé ìlà tín-ín-rín 8, ìwọ lo máa kó àmì kéékèèké 1,000 tó para pọ̀ di àwòrán ojú tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀. Tó o bá tún ní kó o kó àwọ̀ wọn, 1,000 mìíràn nìyẹn, tẹlifíṣọ̀n tó ń ya àwòrán ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní dúró dè ọ́. Odò mi ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Lóru ọjọ́ kan ni mo tó fara balẹ̀ wo ti Shaw: omi búlúù, etí odò aláwọ̀ ewé, àfi títì díẹ̀ níbi afárá. Mo fi búlúù tẹ́ ìsàlẹ̀, mo kun gbogbo ìyókù ní àwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí àwọ̀ tí mò ń kó kiri mọ́. Odò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Igbe ayọ̀ tí mo ké jí ìyàwó mi.

Mo rò ó fún bùrọ̀dá mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní: "Àyè tó wà nínú ẹ̀rọ tìrẹ yìí ṣáà pọ̀ ju ti Shaw lọ. Kí ló dé tí o kò fọwọ́ ara rẹ ya odò tìrẹ?" Mo fìbínú dáhùn pé tí kì í bá ṣe odò Shaw, kì í ṣe River Raid mọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ya kọ́rọ́ kan síbẹ̀, erékùṣù méjì, omi tóóró láàárín wọn. Kò sí nínú ti Shaw. Mo ti gba ibẹ̀ kọjá tó ìgbà ogún báyìí, mi ò sì tíì lè pa á rẹ́.