Agbẹ̀du kọ́ ló ń da sítáàṣì, òun kọ́ ló sì ń fa ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò, gbà pé agbẹ̀du ni gbogbo oúnjẹ ti ń dà, pé ibẹ̀ náà ló sì ti ń wọ ẹ̀jẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọtí díẹ̀ lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà kì í gba ibẹ̀.

Ẹnu ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Amylase, ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń gé oúnjẹ) inú itọ́, ń gé sítáàṣì di ṣúgà tó ń jẹ́ maltose àti ègé kéékèèké mìíràn, ibi tí pH (òǹkà ásíìdì: bó ṣe kéré tó ni ásíìdì le tó) bá ti sún mọ́ 7 ló sì ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ásíìdì agbẹ̀du máa ń wà láàárín pH 1.5 sí 3.5. Bó bá ti rin òkèlè náà dé inú, amylase ṣíwọ́ nìyẹn. Pepsin, ẹ́ńsáìmù inú agbẹ̀du, ni irú ásíìdì bẹ́ẹ̀ bá lára mu, purotéènì ló sì ń gé. Ẹ má fi pepsin dáhùn ìbéèrè lórí sítáàṣì láé.

Ìfun kékeré ni amylase mìíràn, èyí tó ti ara pancreas (ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn agbẹ̀du) wá, ti ń bá iṣẹ́ lọ, lẹ́yìn tí bicarbonate bá ti pa ásíìdì náà. Síbẹ̀, maltose ṣì tóbi jù láti wọ ẹ̀jẹ̀. Ara ògiri ìfun gan-an ni àwọn ẹ́ńsáìmù tó kù lẹ̀ mọ́. Maltase ń la maltose sí glucose méjì, sucrase ń la sucrose sí glucose àti fructose, lactase ń la lactose sí glucose àti galactose. Èyí tó bá parí sí -ose, ṣúgà ni. -Ase, ẹ́ńsáìmù ni.

Ọ̀nà tí àwọn ṣúgà yìí ń gbà wọ ara ògiri ìfun náà yàtọ̀. Fructose ń gba GLUT5, ọ̀kan lára àwọn purotéènì tó dà bí ilẹ̀kùn lára ògiri náà, kò nílò sódíọ̀mù. Glucose àti galactose ń gba ilẹ̀kùn mìíràn, SGLT1, sódíọ̀mù méjì sì gbọ́dọ̀ bá ẹyọ kan wọn wọlé, kí omi tó tẹ̀ lé wọn. Ìdí nìyí tí glucose àti sódíọ̀mù fi jọ wà nínú ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí à ń fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru: 75 mmol (òṣùwọ̀n iye èròjà) ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú lítà kan. Ẹni tó bá bu ṣúgà kún un kó lè dùn ń ṣe aláìsàn léṣe, torí ṣúgà tó pọ̀ jù á fa omi ara padà sínú ìfun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lactose tí kò rí lactase tó pọ̀ tó ṣe ń fa omi. Tó bá dé ìfun ńlá, bakitéríà á sọ ọ́ di gáàsì. Nítorí náà, tí mílíìkì bá ń wú ẹni tí lactase rẹ̀ kò tó níkùn, agbẹ̀du rẹ̀ kọ́ ló ṣaláìlágbára. Oògùn tó ń dín ásíìdì kù kò ní ràn án lọ́wọ́. Tábúlẹ́ẹ̀tì lactase lè ràn án lọ́wọ́, bó bá lò ó lásìkò kan náà tó ń mu mílíìkì.